Ṣé jíìnì VDR tí mo jogún lè fa jẹjẹrẹ prostate?

Òun nìkan kò lè fà á. Bó bá tilẹ̀ lọ́wọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kéré.

Jíìnì VDR ni ara fi ń ṣe purotéènì tó ń gba fítámì D nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì prostate náà ní in, fítámì D sì máa ń dẹwọ́ ìdàgbàsókè wọn nínú abọ́ àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni ìfura ti bẹ̀rẹ̀.

FokI, BsmI, ApaI àti TaqI lẹ máa rí lórí èsì àyẹ̀wò jíìnì: orúkọ ibi mẹ́rin tí VDR ti máa ń yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn ni wọ́n. FokI ló wù mí jù: lẹ́tà kan péré ló yí padà níbi tí kíkà jíìnì náà ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi méjì ló ní, F àti f: purotéènì ti F jẹ́ amino acid (ègé tí ara fi ń to purotéènì) 424, ti f jẹ́ 427, èyí tó kúrú ló sì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn mẹ́ta yòókù kì í yí purotéènì náà padà.

Ìwádìí lórí wọn pọ̀, àmọ́ ẹnu wọn ò kò. Òmíràn á rí ewu, òmíràn ò ní rí nǹkan kan. Ọjọ́ orí, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ní in, jíjẹ́ ìran adúláwọ̀ àti àbùkù inú jíìnì BRCA2 lágbára ju VDR lọ fíìfíì.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ máa da oògùn fítámì D mì o. Nínú ìwádìí VITAL tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n 2,000 IU lójúmọ́ kò dín jẹjẹrẹ prostate kù. Bí ìdílé yín bá ní in, dókítà ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ prostate.