Wọ́n ní kí n wá ṣe édítọ̀, àmọ́ kí n kọ́kọ́ sanwó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí. Àfi bíi pé àwọn tó kọ lẹ́tà sí wa lóṣù yìí jọ sọ̀rọ̀ ni, mẹ́ta nínú ẹ̀ ló dá lórí jọ́nà àwọn fásitì, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń gbé pépà ìwádìí jáde nínú ẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu ṣá. FUTA ń bẹ l'Àkúrẹ́, UNIMED àti Adéyẹmí ń bẹ l'Óǹdó, ilé wo ni ò ní ẹnì kan tó ń wá pọ́blíkéṣọ̀n kiri?

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Édítọ̀. Olùkọ́ fásitì ni mí, ọdún kẹrin mi rèé lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ímeèlì kan, wọ́n pè mí ní "Eminent Professor", èmi tí mo ṣì jẹ́ Lecturer II. Wọ́n ní àwọn ti ka iṣẹ́ mi, kí n wá jókòó ní bọ́ọ̀dù àwọn édítọ̀ jọ́nà àwọn, jọ́nà tó ń gba gbogbo ẹ̀kọ́ pátá, látorí iṣẹ́ abẹ dórí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Sátífíkéètì máa wà, orúkọ mi máa wà lórí wẹ́bùsáìtì wọn, ẹgbẹ̀rún 45 náírà péré ni owó ìforúkọsílẹ̀. Ìyàwó mi ní 419 ni. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n gbà á, pé ó máa wúlò tí purọ́mósọ̀n bá dé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? – Ẹni tí ò fẹ́ dárúkọ, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n là á yé yín, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé gbogbo jọ́nà tó bá ti ń gba oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ ni jìbìtì. Rárá o. Nature tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1869, gbogbo sáyẹ́ǹsì ló ń gbà, Science tàwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1880 náà ń gbà á, PLOS ONE tó dé ní 2006 tún gbòòrò ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹni tó ń ka pépà ni ká wò. Nature ò tiẹ̀ ní bọ́ọ̀dù àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìta, àwọn édítọ̀ tó ń gbowó oṣù, tí wọn ò níṣẹ́ míì, ló ń pinnu ohun tó máa wọlé. PLOS ONE ní tiẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ jọ káàkiri ayé, kálukú pẹ̀lú ohun tó mọ̀, tí pépà nípa ilẹ̀ oko bá dé, ẹni tó mọ ilẹ̀ oko ni wọ́n máa gbé e fún. Ẹ wá padà sórí wẹ́bùsáìtì àwọn tó kọ̀wé sí yín yẹn, kẹ́ ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ń gba iṣẹ́ abẹ, tí kò sì sí dókítà kan ṣoṣo lórí bọ́ọ̀dù, ta ló ń ka pépà iṣẹ́ abẹ? Olùkọ́ Bíbélì?

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà nídìí jọ́nà kan fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fẹ̀yìntì. Kò sí owó níbẹ̀, dátà ara mi ni mo fi ń ṣe é. Pépà á dé, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tiẹ̀ bá wa mu, màá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n jí i kọ níbì kan, lẹ́yìn náà màá wá ẹni méjì tó mọ ọ̀rọ̀ náà, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó kọ ọ́, tí kì í sì í ṣe ọ̀tá ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni àkọ́kọ́ á ní ìwé ìdánwò tóun ń máàkì ò tíì tán, ìkejì ò ní fèsì rárá, ìkẹta á gbà, oṣù mẹ́ta á kọjá, tí n bá pè é á ní "ẹ má bínú, ọ̀gá, ó ti fẹ́ parí", irọ́ ni, kò tíì ṣí i wò. Nígbà tí àbọ̀ méjèèjì bá wá dé, ọ̀kan á ní iṣẹ́ yìí dáa gan-an, èkejì á ní ká gbé e sọnù, èmi ni màá wá tan làǹtánnà jókòó lálẹ́ torí wọ́n ti mú iná lọ, kí n ka gbogbo ẹ̀ kí n tó mọ èyí tó ń sòótọ́ nínú wọn. Mo dá pépà ọ̀rẹ́ mi kan padà nígbà kan, ọdún méjì gbáko ni ò fi jẹ́ mi, tá a bá pàdé níbi ìnáwó á kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé òun ń wo àwọn onílù.

Iṣẹ́ tó ń jẹ́ bọ́ọ̀dù nìyẹn. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó bá wà níbẹ̀. Orúkọ yín tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń sọ fún òǹkàwé pé tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni kí wọ́n mú. Ta ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tí ò mọ̀ rí, tó tún wá fi ẹgbẹ̀rún 45 lé e?

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín, òótọ́ ni, Nature ló gbé e jáde ní 2017. Àwọn olùwádìí kan ní Póláǹdì dá obìnrin kan tí kò sí láyé sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Anna O. Szust. Lédè wọn, "oszust" ni ẹni táwa ń pè ní gbájúẹ̀, ìyẹn ni pé Ọ̀mọ̀wé Gbájúẹ̀ ni wọ́n sọ ọmọ wọn. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí irọ́ fún un, kò ní pépà kan tó dáa, kò ṣe édítọ̀ rí, wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀ wá iṣẹ́ édítọ̀ lọ́wọ́ jọ́nà 360. Nínú 120 tí wọ́n ti ń fura sí tẹ́lẹ̀, 40 ló gbà á. Nínú 120 tó wà nínú DOAJ, ìyẹn àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, 8 gbà á. Nínú 120 tó ní impact factor gidi, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń tọ́ka sí pépà inú jọ́nà kan tó, ẹyọ kan ò gbà á. Mẹ́rin nínú àwọn tó gbà á tiẹ̀ fi í ṣe olórí édítọ̀ lójú ẹsẹ̀! Wọ́n ní káwọn kan yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, wọn ò yọ ọ́. Ẹ̀yin ṣì dáa ju Anna lọ, ẹ̀yin wà láyé, àmọ́ ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo yín.

Òdìkejì ẹ̀ náà tún wà o, àwọn tó máa fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n sí bọ́ọ̀dù láìbi í. Ó wà lára ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kan OMICS, ilé-iṣẹ́ jọ́nà kan ní Íńdíà, ní 2019 ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là.

Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ní ISSN. Nọ́ńbà oníka mẹ́jọ yẹn, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ló ń fún wọn ní Nàìjíríà níbí, bíi nọ́ńbà ara mọ́tò ló rí, kò sọ fún wa bóyá dẹ́rẹ́bà mọ mọ́tò wà. Impact factor tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ rèé: ká ní jọ́nà kan gbé pépà 100 jáde ní 2022 àti 2023 lápapọ̀, táwọn èèyàn sì tọ́ka sí wọn nígbà 150 ní 2024, ó di 1.5 nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Clarivate ló ń gbé èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jáde lọ́dọọdún. Jọ́nà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá tó ń pariwo 7.8, níbo ló ti rí i?

Ọ̀gá yín tó ní kẹ́ ẹ gbà á, mi ò ní bú wọn, bóyá wọn ò wo ibi tí ayé dé. Àwọn tó ń jókòó lórí purọ́mósọ̀n nísinsìnyí ń wo jọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti bá wọn jókòó rí, mo ti rí CV tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú yàrá yẹn tójú sì ń ti èmi fún ẹni tó ni ín. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ fẹ́ ṣe édítọ̀, ẹ mú jọ́nà kan tẹ́ ẹ máa ń kà nípa ilẹ̀ oko, ẹ kọ̀wé sí édítọ̀ wọn pé ẹ lè bá wọn yẹ pépà wò, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ gan-an, bóyá ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin kòkó sí níbí ni. Wọ́n á fún yín lọ́kan. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa tẹ́ ẹ sì dá a padà lásìkò, àwọn fúnra wọn ló máa wá yín wá. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n, ata ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe másítà, ó ní kí n fún òun ní ẹgbẹ̀rún 80 kí òun fi gbé iṣẹ́ òun jáde nínú jọ́nà, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi gbà á. Èmi tí mo bá tajà, oníbàárà ló ń sanwó fún mi. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ló tún máa sanwó? – Ìyá Bùnmi, Àkúrẹ́

Mama, ìbéèrè yín yìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń jà lé e lórí tipẹ́. Nígbà kan, ilé ìkàwé ló máa ń sanwó kí wọ́n tó rí jọ́nà kà, ẹni tó kọ ọ́ ò ní san nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dáa, àmọ́ owó ò kúrò nílẹ̀, wọ́n kàn gbé e láti orí ẹni tó ń kà lọ sórí ẹni tó kọ ọ́ ni. Nature yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n kéde owó tiwọn ní 2020, 9,500 yúrò ni lórí pépà kan. Nítorí náà owó nìkan kọ́ ló ń fi jìbìtì hàn, Bùnmi lè má purọ́ fún yín.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe sọ lókè pé oṣù mẹ́ta lẹnì kan á fi mú iṣẹ́ dání láì ṣí i wò? Ní 2013, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ John Bohannon kọ pépà ayédèrú nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe ńláńlá sí i, irú èyí tí ẹni tó bá tiẹ̀ fara balẹ̀ kà á máa rí, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304, 157 gbà á wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kà á ni.

Torí náà, Mama, ẹ má tíì fún un lówó. Ẹ pè é jókòó, kẹ́ ẹ má jà o, ẹ ní kó fi ìwé hàn yín, ìwé táwọn tó yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò kọ, ibi tí wọ́n ti ní "tún èyí ṣe, èyí ò yé wa". Tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé "congratulations" àti nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ló wà níbẹ̀, kẹ́nì kankan má san kọ́bọ̀. Kó lọ fi orúkọ jọ́nà náà han olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹ̀, kó sì wò ó bóyá ó wà nínú DOAJ, tàbí nínú AJOL tó ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998. Ọ̀pọ̀ jọ́nà wà tí kì í gba owó rárá, ó máa pẹ́ díẹ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún 80, ẹ kúkú mọ iye apẹ̀rẹ̀ ata tó jẹ́ ju èmi lọ.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, NCE ni mo ní. Mo ti ń kọ orúkọ àwọn ewé àti igi bí àwọn àgbà Oǹdó ṣe ń pè é sílẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá. Ṣé jọ́nà lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣé mo sì lè fi Yorùbá kọ ọ́? – Tísà, Yaba, Oǹdó

Wọ́n lè gbà á, Tísà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tó mọṣẹ́ máa ń yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò kí wọ́n tó gbé e fún olùyẹ̀wò, nírú ibẹ̀, ẹni tó ń kà á ò ní mọ̀ bóyá NCE lẹ ní tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n ni yín. Yorùbá náà kò burú, Láàńgbàsà tí wọ́n ń ṣe ní Yunifásítì Èkó, iṣẹ́ akadá lédè Yorùbá ló wà fún.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ ni pé kẹ́ ẹ mú ewé kọ̀ọ̀kan tọ onímọ̀ ewéko kan lọ, kó bá yín sọ orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀, torí ewé méjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà l'Óǹdó àti l'Ídànrè, olùyẹ̀wò máa béèrè. Ẹ kọ orúkọ àgbà tó sọ ọ́ fún yín, ọjọ́ tó sọ ọ́, àdúgbò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà lọ bi í bóyá ó fọwọ́ sí i kí orúkọ òun jáde. Àwọn tó ti kú nínú wọn, ẹ bi àwọn ọmọ wọn. Tí wọ́n bá dá a padà fún yín lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àtúnṣe ojú ewé méjì, ẹ má bínú, ẹ̀rí nìyẹn pé ẹnì kan kà á. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí èmi náà, mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pe akòko l'Óǹdó.