Ìbéèrè Yín: Ọdún Mẹ́ta Lára Máàpù Kan Ṣoṣo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀dà máàpù àtijọ́ kan tí USGS, àjọ ìjọba tó ń wọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ránṣẹ́ sí mi. Àfonífojì kan ní ìgbèríko ibẹ̀ ni wọ́n yà síbẹ̀, ojú irin sì ń tẹ̀lé odò lọ láàárín ọ̀pọ̀ ìlà aláwọ̀ búráùn. Kí ni ìtumọ̀ àwọn ìlà náà, kí ló dé tí ojú irin ń wọ́ kiri báyẹn, èwo sì ni kí n gbà nínú ọdún mẹ́ta tí wọ́n kọ sára rẹ̀?
Òǹkàwé kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìlà búráùn kọ̀ọ̀kan gba gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba kọjá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí etí ìsàlẹ̀ pé 20 ẹsẹ̀ bàtà ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì, tí ẹ sì ka ìlà mẹ́wàá láti etí odò dé orí òkè, òkè náà fi nǹkan bí 200 ẹsẹ̀ bàtà ga ju odò lọ. Ibi tí ìlà ti fún mọ́ra ni òkè ti ṣòro gùn.

Ìdí nìyẹn tí ojú irin fi ń bá odò rìn. Irin ni ẹsẹ̀ rélùwéè, orí irin náà ló sì ń yí lé, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀ bí òkè bá le. Kí ọ̀nà fi ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ga nínú ìrìn 100 ẹsẹ̀ bàtà, iṣẹ́ ńlá ni fún ọkọ̀ ẹrù. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ojú irin tiwa láti Èkó ní 1896, tí ó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo yìí kọjá lọ sí Jẹ́bà, ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ náà.

Ti ọdún mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi máàpù kà. Àjọ náà, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1879, a máa kọ ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ máàpù jáde, àti ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀. Ọdún ìwọnlẹ̀ ni kí ẹ dìmú. Ká ní 1898 ni wọ́n wọn ilẹ̀, tí wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1912, àwọn ilé tí wọ́n fi àmì dúdú kéékèèké yà sí ẹ̀bá ibùdókọ̀ lè jẹ́ ohun tí awọnlẹ̀ fojú rí ní 1898, kódà bí iná bá ti jó wọn kí 1912 tó dé.

Ọ̀fẹ́ ni àjọ náà kó àwọn máàpù àtijọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ yín wá èyí tí wọ́n wọ̀n lẹ́yìn ìgbà náà fún àfonífojì yẹn kan náà, kí ẹ sì tẹ́ méjèèjì síwájú ara wọn.