Ṣé a lè so ọkọ̀ wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ HMS Victory?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wa méjì fẹ́ háyà ọkọ̀ onígbòkun ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù Keje, ká wà á dé Portsmouth lọ wo àwọn ọkọ̀ ogun àtijọ́. Ṣé a lè so ọkọ̀ wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ HMS Victory, ọ̀kan lára wọn, ká gùn ún látibẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn kan ṣì ń sọ fáwọn èèyàn pé ó ṣeé ṣe. Victory kò sí lórí omi. Láti 1922 ló ti wà nínú kòtò olókùúta tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ. Mary Rose, ọkọ̀ ogun àtijọ́ mìíràn tó rì ní 1545 tí wọ́n sì gbé jáde ní 1982, inú ilé ló wà. HMS Warrior ti 1860 ló ń léfòó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí àlejò ń so ọkọ̀ mọ́.

Èyí tó burú jù nínú èrò náà ni pé ẹ rò pé èbúté ìgbafẹ́ lẹ ń lọ. Èbúté àwọn ológun ni, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ ogun èyíkéyìí ní ó kéré tán mítà 50, kí ẹ jìnnà sí ọkọ̀ abẹ́ omi jùyẹn lọ. Ọlọ́pàá orí omi ń ṣọ́ ibẹ̀. “Fọ́tò la fẹ́ yà” kì í ṣe àwáwí.

Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 20 kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà ńlá wọlé. Small Boat Channel, ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ kékeré, ni tiyín, lápá ìwọ̀ oòrùn, láti bọ́ì No. 4 Bar (àmì tó ń léfòó lórí omi) títí dé Ballast Beacon (òpó àmì). Ẹ fi ẹ́ńjìnì wọlé: òfin ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Àwọn tó ń wọlé àtàwọn tó ń jáde ló jọ ń lò ó, nítorí náà ẹ dúró sọ́wọ́ ọ̀tún yín nínú rẹ̀. Ẹ má sọdá ojú ọ̀nà ńlá láàárín ibi méjèèjì yẹn. Rédíò VHF yín gbọ́dọ̀ wà lórí ìkànnì 11. Omi ibẹ̀ máa ń fi bíi wákàtí 7 kún, ó sì máa ń fi bíi 5 péré fà, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré burúkú nígbà tó bá ń fà. Ẹ́ńjìnì kékeré á máa ké, ọkọ̀ ò sì ní kúrò lójú kan, pẹ̀lú fẹ́rì ńlá lẹ́yìn yín. Ẹ wọlé nígbà tí omi bá ń kún.

Ibo lẹ máa wá so ọkọ̀ mọ́? Gosport ni, ìlú tó kọjú sí Portsmouth, lápá òsì níbi tí ẹ bá ń wọlé. Haslar Marina, ibùdó ọkọ̀ ìgbafẹ́, ló rọrùn jù: ẹ ò ní sọdá ohunkóhun, ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Láti ibẹ̀ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Gosport Ferry. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi gbé yín sọdá sí Portsmouth, ẹnu ọ̀nà ọgbà ọkọ̀ ogun kò sì jìnnà mọ́. HMS Alliance, ọkọ̀ abẹ́ omi, wà ní Gosport níhìn-ín gan-an, ẹ má fò ó.

Wọ́n ń tún Victory ṣe lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má retí rẹ̀ bó ṣe wà nínú fọ́tò. Àjà rẹ̀ lọ sílẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga gan-an: ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Wọ́n ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ọ̀bẹ ọkọ̀ àti iná ìpè ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yín.

Ẹni tó tún béèrè bóyá HMS Myrmidon tó gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ ní 1822 wà níbẹ̀: kò sí.

Òfin èbúté lè yí padà. Ẹ ka ìkìlọ̀ ọ̀gá èbúté lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Bí kò bá sí ẹnì kankan nínú yín tó ti tọ́kọ̀ wọ èbúté bẹ́ẹ̀ rí, ẹ háyà ọkọ̀ pẹ̀lú atukọ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mìíràn.