Ṣé a lè gún bátìrì fóònù ní abẹ́rẹ́ kí ó má baà wú?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Fóònù ni mò ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bátìrì tuntun méjì tí mo fi sí fóònù àwọn oníbàárà mi ti wú láàárín oṣù mẹ́ta. Ọmọ iṣẹ́ mi ní òun gbọ́ pé oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi inú bátìrì kí ó lè gba iná tó ga. Ṣé a lè gún un sínú rẹ̀ ní abẹ́rẹ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ọmọ iṣẹ́ yín gbọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe bátìrì nìkan ló lè lò ó, kí wọ́n tó dí i pa. Bí iná bátìrì bá ti ga ju nǹkan bíi fólìtì 4.3 lọ, apá pọ́sítíìfù rẹ̀ a máa ba omi inú rẹ̀ jẹ́, omi náà a sì máa di gáàsì. Gáàsì yìí ló ń mú un wú. Èròjà àfikún tí à ń sọ kì í sábà ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ nínú gíráàmù 100 omi náà. Ẹ wo bí awọ fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń bo ojú ẹ̀kọ gbígbóná bí ó bá ń tutù nínú abọ́: bẹ́ẹ̀ ni èròjà bíi LiDFOB ṣe ń ṣáájú omi yòókù bàjẹ́, tí ìyókù rẹ̀ á sì bo ojú pọ́sítíìfù. Èròjà àfikún mìíràn, succinonitrile, ní tirẹ̀ a máa dì mọ́ kóbáàtì, irin kan tó wà nínú pọ́sítíìfù bátìrì fóònù, kí omi má baà ráyè bá a jà. Àwọn mìíràn wà fún ásíìdì tí iyọ̀ inú omi náà ń dà bí ó bá pàdé ọ̀rinrin.

Ọ̀rinrin yìí gan-an ni kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yín ṣeé ṣe. Yàrá gbígbẹ táútáú ni wọ́n ti ń rọ omi sínú bátìrì. Ẹ wá wo afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde nínú oṣù Òkúdù, nígbà tí iyọ̀ inú abọ́ pàápàá ń sunkún. Ásíìdì tí ihò abẹ́rẹ́ yóò bí sílẹ̀ burú fún awọ àti egungun, bátìrì náà sì lè gbiná lọ́wọ́ yín.

Ohun tí mo fura sí rọrùn ju oògùn lọ. Ẹ wo ara bátìrì tí ẹ yọ àti èyí tí ẹ rà: kì í ṣe 3.7 tàbí 3.85 tí wọ́n kọ gàdàgbà, bí kò ṣe fólìtì tí ó ga jù níbẹ̀. Bí fóònù bá ń fún bátìrì ní 4.4, tí èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ sì jẹ́ ti 4.2, ó rọrùn kí ó wú. Òdìkejì rẹ̀ kò léwu. Kò kàn ní kún dé ẹnu ni.