Ẹ Bi Wá: Báwo ni mo ṣe lè fi oòrùn sínú fọ́tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya àǹtí mi ní Òkè Olúmọ pẹ̀lú àdìrẹ, àmọ́ oòrùn ò ràn dáadáa. Mo wá fi Lens Flare (ìmọ́lẹ̀ oòrùn àtọwọ́dá) sí i nínú Photoshop tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ó bo àdìrẹ yẹn, mi ò sì rí i yọ mọ́. (Òǹkàwé, Ìtòkú, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Orí fọ́tò gan-an lẹ ti ṣe é, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà sí fọ́tò tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, ẹ ṣí léyà tuntun (ìpele kan tó dá dúró, bí ìgbà téèyàn tẹ́ ike lé fọ́tò) lé e lórí, ẹ kun gbogbo ẹ̀ ní dúdú, orí ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi Lens Flare sí, kẹ́ ẹ wá yí blending mode ẹ̀ (bó ṣe ń dà pọ̀ mọ́ fọ́tò tó wà nísàlẹ̀) sí Screen, gbogbo dúdú yẹn á pòórá, ìmọ́lẹ̀ nìkan lá kù, ẹ lè sún un síbi tó bá wù yín, ẹ sì lè dín opacity ẹ̀ (bó ṣe hàn tó) kù. Àmọ́ Screen máa ń jẹ́ kí àwọ̀ tó dúdú ṣá o, aró àdìrẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣá rárá, ẹwà ẹ̀ nìyẹn! Ẹ fi mask (ohun tó ń fi apá kan léyà pa mọ́) sí léyà yẹn, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú tó rọ̀ kun ibi tí aṣọ wà, ìmọ́lẹ̀ ò ní hàn níbẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òjìji ọrùn àǹtí yín dáadáa: tó bá ṣubú sọ́tùn-ún, òsì ni kẹ́ ẹ gbé oòrùn sí.