Koríko tutù yọ̀yọ̀, àgbàdo ò yọmọ: ìbéèrè yín lórí òjò ọdún yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ìwé ìròyìn wa. Kétu ni mo wà, mo gbin àgbàdo, mo sì ní màlúù díẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ò burú, a gbìn, ó hù dáadáa, àfi bó ṣe dáwọ́ dúró ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nígbà tí àgbàdo ń yọ irun. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá ń rọ̀ ṣáá. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi pé oko dára, ṣùgbọ́n tí mo bá bó àgbàdo, ọmọ ò sí nínú ẹ̀, oko tó wà ní òdìkejì títì sì yọmọ ní tiẹ̀. Kí ló fà á? Ṣé mo lè da màlúù wọ inú oko náà kí wọ́n jẹ pòpòrò ẹ̀? (Àgbẹ̀ kan, Kétu)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ó dùn wá gan-an, torí owó irúgbìn, owó ajílẹ̀, owó àwọn tó bá yín ro oko, gbogbo ẹ̀ lẹ ti ná tán kí nǹkan tó bàjẹ́.

Ẹ má dá ẹni tó bá ní òjò pọ̀ lọ́dún yìí lóhùn. Lágbègbè Kétu títí dé Ṣábẹ, òjò ọdún kan máa ń tó nǹkan bí 1100 mílímítà, bẹ́ẹ̀ 500 sí 800 ló máa ń tó àgbàdo láti ìgbà tí wọ́n bá gbìn ín títí á fi gbó, nítorí náà tó bá jẹ́ ti kíkà, omi tó. Ìgbà tó rọ̀ ni wàhálà wà. Àgbàdo tó ṣì kéré lè fara da ọ̀dá, ewé ẹ̀ á ká, tómi bá dé á tún tú. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó yọ irun títí dé bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, kò gbà á rárá, torí irun kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ rí lẹ́nu àgbàdo, hóró kan ló so mọ́ ọn nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun tó ń bọ́ látinú òdòdó orí àgbàdo ló sì gbọ́dọ̀ kan irun yẹn kí hóró tó dúró. Lásìkò ọ̀dá, irun máa ń pẹ́ kó tó yọ, ìyẹ̀fun á sì ti bọ́ tán. Ohun tẹ́ ẹ bó tẹ́ ẹ rí nìyẹn, hóró mẹ́ta níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún, bí ẹnu àgbà tí eyín ti ká. Òjò tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn, kódà kó rọ̀ lóròòru, ò lè dá hóró yẹn padà. Koríko ní tiẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, tó bá ti rómi á tún rú, ìdí nìyẹn táwọn tó ń kọjá fi ń kí yín.

Ní ti oko òdìkejì títì, ẹ bi olóko náà lọ́jọ́ tó gbìn. Tó bá fi ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú yín, tiẹ̀ á ti yọ irun kí ọ̀dá tó mú un. Òjò wa náà, òjò àrá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó lè rọ̀ lápá kan kó má kan apá kejì. Ẹ wá agolo tí ẹnu ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ bára mu, ẹ gbé e sí gbangba nínú oko, tójò bá dá kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mílímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wa ilẹ̀ wò, torí ọ̀wààrà òjò tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó ti le gan, ṣe ló máa ń ṣàn lọ, ẹ lè wa á dé ìwọ̀n ọwọ́ kan kẹ́ ẹ bá erùpẹ̀ gbígbẹ.

Màlúù wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà wọ́n wọ ibẹ̀ wéré. Ajílẹ̀ tí àgbàdo fà mu lásìkò ọ̀dá tí ò rí lò, ìsàlẹ̀ pòpòrò ló ń kó o sí, ó sì máa ń pọ̀ sí i láwọn ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ jù á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó lè kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí òjò padà, kí wọ́n ti jẹ koríko yó díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e fún wọn, ẹ gé e sókè dáadáa, kẹ́ ẹ fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Tí ọkà bàbà bá sì wà nítòsí, ìyẹn tún léwu jù ú lọ: ọ̀mùnú tó rú lẹ́yìn ọ̀dá ní májèlé, ẹ jẹ́ kó ga kọjá orúnkún dáadáa kí ẹran tó fẹnu kàn án. Ẹran tó bá ṣàìsàn lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ẹ pe dókítà ẹran kíá, ẹ má dúró de àgbo.

Ẹ̀pà wa, òjò dá nígbà tó fẹ́ gbó, ó tún wá ń rọ̀ nígbà tá à ń wú u. Ṣé mo lè ta èyí tó bu? (Ìyá oníṣòwò, Ṣábẹ)

Ìyá wa, rárá o. Ẹ má tà á, ẹ má fi ṣe kúlíkúlí, ẹ má dà á fún adìyẹ pàápàá. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin máa ń wà nínú ẹ̀pà tí ọ̀dá bá mú nígbà tó ń gbó, tí wọn ò sì tètè sá gbẹ, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló ń bà jẹ́, iná yíyan ò sì lè pa á tán. Ẹ ṣa èyí tó bu, tó hunjọ, tàbí tó ti yí àwọ̀ kúrò, kẹ́ ẹ sá èyí tó kù sórí tapólì, kì í ṣe sórí ilẹ̀, títí á fi máa dún wọ́rọwọ̀rọ nínú èèpo ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé kí n tún gbin àgbàdo ní àrọ̀kúrò? (Ọmọ Àjàṣẹ́)

Ẹ lè gbìn ín tẹ́ ẹ bá rí irúgbìn tó máa ń gbó láàárín 75 sí 90 ọjọ́, tí òjò sì ti padà fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi oṣù kẹjọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni òjò yìí sábà máa ń kásẹ̀ ńlẹ̀, ẹ kà á padà sẹ́yìn fúnra yín. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọ àárín kẹ́ ẹ tó ráyè, ẹ̀wà tó ń yá ni kẹ́ ẹ gbìn, nǹkan bí 60 sí 75 ọjọ́ nìyẹn.