Ọmọ mi ò fẹ́ lọ sílé kéú mọ́

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá ní Manchester níbí. Ó ní ìtàn sàhábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, tí áfáà ń sọ fún wọn ò kan òun, pé àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Èdè Yorùbá gan-an, kì í fi dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàláàmù, àbúrò mi. Ẹ sọ fún un pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Anas ọmọ Malik nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wọ Mẹ̀dínà lọ́dún 622. Ìyá rẹ̀, Umm Sulaym, ló fà á kalẹ̀ pé kó máa jíṣẹ́ fún Ànábì. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi sìn ín. Ó ní Ànábì ò sọ "ṣíọ̀" sí òun rí, kò sì bi òun rí pé "kí ló dé tó o fi ṣe báyìí?" Hádíìsì tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ lé ní 2,200, ó sì pẹ́ láyé kó tó kú sí Básírà.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ tí Ànábì rán Anas níṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò lọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun máa lọ. Ó bá àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lọ́jà, ó dúró. Àfi bó ṣe gbọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó wẹ̀yìn, Ànábì ló ń rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ ìkẹ́ pè é: "Unays, ṣé o ti lọ síbi tí mo rán ẹ?"

Láti ilé kéú n'Ílọrin ni mo ti mọ ìtàn yìí. Síbẹ̀, ní Sátidé kan, mo bá àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní pápá tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àpò Kùráánì rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òpó góòlù. Ẹ̀yìn ni mo gbà, mo di ọrùn rẹ̀ mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo wọ́ ọ dé ìdí ọkọ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sínú koríko, mi ò jẹ́ kó padà lọ mú un.

Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nígbà náà, inú owó oúnjẹ ni mo ti ń yọ owó ilé kéú. Bàbá mi ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Àmọ́ nílé, ìyá àgbà wà níbẹ̀ tí mo máa ń sá bá, àdúgbò á sì bá mi bẹ bàbá mi. Níbí, ta ni ọmọ yẹn fẹ́ sá bá?

Kò pa ilé kéú jẹ mọ́ látọjọ́ náà. Kò sì bi mí ní nǹkan kan nípa ẹ̀sìn mọ́.

Ẹ wá áfáà tí kì í mú pàṣán, tó máa ń jẹ́ kí ọmọ béèrè ọ̀rọ̀. Bí Sátidé bá jẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín fi sí Sọ́ńdè. Ti èdè Yorùbá, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀; tèmi ń gbọ́ ọ, kì í fi dáhùn.

Iléyá tó kọjá, àkọ́bí mi yìí wá sílé. Mo fẹ́ bá a tún ọrùn agbádá rẹ̀ ṣe ká tó lọ sí Yídì. Bí ìka mi ṣe kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sún èjìká méjèèjì sókè, ó ki orí bọ àárín wọn. Ọmọ ogún ọdún, tó ga jù mí lọ. Èdè òyìnbó ló fi ní kí n má bínú.